Ẹ̀rọ Ìyẹ-ohùn-wò Tó Ń Ṣi Okùn Gìtá Gbọ́

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń sọ bóyá ohùn okùn gìtá tọ̀nà. Bí mo bá ta okùn tí ó nípọn jù, 165 Hz (ìyẹn ìgbọ̀n 165 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni ó ń kọ dípò 82.4. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ yín kò purọ́. Okùn kan kì í dún ní ohùn ẹyọ kan ṣoṣo: ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń bá ohùn ìpìlẹ̀ dún, àwọn máíkírófóònù kékeré kì í sì í sábà gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa, ni ìlọ́po méjì bá borí. Bí ó bá jẹ́ iye ìgbà tí ìgbì ń kọjá òdo ni ẹ ń kà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa sún ìgbì ohùn náà díẹ̀díẹ̀, kí ó máa fi í wé ara rẹ̀, títí yóò fi kan ibi àkọ́kọ́ tí méjèèjì ti bára mu dáadáa. Fún okùn yẹn, ìwọ̀n ìsún náà jẹ́ nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdì 12.1, ìyẹn àkókò ìgbọ̀n kan ní 82.4 Hz.

Ní ti ìdánwò, ẹ má tíì fi gìtá ṣe é, nítorí ohùn okùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ta a máa ga díẹ̀ kí ó tó balẹ̀. Ẹ fi fóònù gbé ohùn 440 Hz jáde, lẹ́yìn náà 441. Ìyàtọ̀ wọn kò tó sẹ́ǹtì 4 (sẹ́ǹtì kan jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àlàfo tó wà láàárín ohùn méjì tó tẹ̀léra lórí gìtá), ó sì yẹ kí ẹ̀rọ yín rí i.