Họ́mónù àti oògùn HIV: ṣé dandan ni kí obìnrin tráǹsì fi ọ̀kan sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Atlanta. Obìnrin tráǹsì kan, ìyẹn ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó ń gbé ayé bí obìnrin, ń gba ìtọ́jú HIV lọ́dọ̀ wa. Láti oṣù 3 sẹ́yìn ni kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Mo bi í léèrè, ó ní òun ti pa oògùn HIV tì kó má baà ba họ́mónù òun jẹ́. Kí ni kí n sọ fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tiyín sọ ọ́. Họ́mónù ló ń jẹ́ kó rí ara rẹ̀ nínú dígí. HIV, kò fojú rí i. Bẹ́ ẹ bá ní kó mú ọ̀kan, ẹ ti mọ èyí tó máa mú.

Ẹ wo orúkọ oògùn tí wọ́n kọ fún un. Bó bá jẹ́ dolutegravir tàbí bictegravir, ẹ fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, wọn kì í bá estradiol, ìyẹn họ́mónù obìnrin, jà. Èyí tó bá ní cobicistat tàbí ritonavir nínú lè yí iye estradiol inú ẹ̀jẹ̀ padà, efavirenz náà sì lè fà á wálẹ̀. Ìyẹn náà kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ pa oògùn tì: dókítà á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, á tún ìwọ̀n họ́mónù ṣe, tàbí kó pààrọ̀ oògùn HIV.

Ohun tó ń já èmi apòògùn láyà tilẹ̀ yàtọ̀ síyẹn. Spironolactone tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò láti rẹ họ́mónù ọkùnrin sílẹ̀ máa ń mú kí potassium, irú iyọ̀ kan, pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Bactrim, Septrin tí a mọ̀ nílé, tí à ń fún ẹni tí CD4 rẹ̀, ìyẹn iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà, bá wá sábẹ́ 200, ń ṣe bákan náà. Bí méjèèjì bá pàdé lára ẹnì kan, ọkàn lè máa lù ségesège. Bó bá ń lo méjèèjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ potassium rẹ̀ wò kíákíá.

Ẹ tún béèrè ibi tó ti ń ra họ́mónù àti ẹni tó ń gún un fún un, ṣùgbọ́n ẹ má fojú ọlọ́pàá béèrè. Bó bá fẹ́ gba abẹ́rẹ́ cabotegravir pẹ̀lú rilpivirine dípò oògùn oníhóró, ìdí ni wọ́n máa ń gún un sí, ẹ bi í bóyá ó ti fi silicone, èyí tí wọ́n fi ń mú ìdí tóbi, síbẹ̀ rí.

Ní kílíníìkì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, omidan kan jókòó jẹ́ẹ́, wíìgì pupa lórí, báàgì lórí itan. Wọ́n pariwo orúkọ ọkùnrin tó wà nínú fáìlì. Gbogbo ojú yí sí i. Kò dáhùn, ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá ẹnu ọ̀nà lọ. A ò rí i mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Kí orúkọ tí ìnṣọ́ránsì mọ̀ wà nínú fáìlì, kò burú. Èyí tó ń jẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ sókè, òun ni kẹ́ ẹ máa pè. Kò yẹ kó ṣòro fún àwa Yorùbá, "ó" tiwa kì í béèrè akọ tàbí abo. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń dẹ wá wò níbi iṣẹ́.

Ní 2019 sí 2020, CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, yẹ àwọn obìnrin tráǹsì wò ní ìlú 7 ní Amẹ́ríkà, Atlanta wà lára wọn. Nínú 100 wọn, 42 ló ní HIV. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, 62. Ẹ ò lè jẹ́ kí ẹyọ kan yọ́ bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ pè é lónìí. Kí dókítà yẹ kòkòrò náà wò bóyá ó ti ń ta ko oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì kọ họ́mónù àti oògùn HIV sórí ìwé kan náà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 tó bá ti tún bẹ̀rẹ̀, ẹ tún ka kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.