Ṣé Yorùbá Ló Ba Gẹ̀ẹ́sì Mi Jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni mí ní yunifásítì. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà náà, ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì yóò gbé pátákó kọ́rùn títí ilé-ìwé yóò fi jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi náà gbé e. Mo gba kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì ní WAEC, síbẹ̀, bí olùkọ́ bá ní kí n dìde sọ̀rọ̀, n ó kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá, n ó túmọ̀ rẹ̀, n ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Kí n tó lanu, wọ́n á ti kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe òǹkọ̀wé obìnrin kan ní "he", gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má sọ Yorùbá mọ́ rárá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má fi Yorùbá sílẹ̀. "Ó" kan ṣoṣo là ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti ẹranko, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé "he" ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ nígbà tí àyà rẹ ń já. Bákan náà ni "v" àti "z", tí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, ṣe ń di "f" àti "s" lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa.

Pátákó yẹn ni mo kà sí ọ̀ràn. Ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ nítorí pé ó sọ̀rọ̀ yóò kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́, ìdákẹ́ náà lo sì gbé wọ yunifásítì. Ìdánwò tó tẹ̀ lé e kò ràn ọ́ lọ́wọ́: ọgọ́ta ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì JAMB, lẹ́tà lo kàn ń yàn, ìró ọ̀rọ̀ pàápàá, ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń dán an wò.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ yòókù fún odidi ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Inú mi máa ń bàjẹ́ pé pátákó ṣì wà lọ́rùn ọmọ lẹ́yìn èyí.

Wá ẹni méjì tí o fọkàn tán. Lálẹ́, kí ẹnì kan ka ojú ìwé kan nínú iṣẹ́ yín sókè, kó sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá há, kó fi Yorùbá sọ ọ́, kó máa lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì tún un ṣe títí yóò fi parí. Ní kíláàsì, kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ sórí ìwé kó tó kàn ọ́, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń mú ni jù. Bí "he" bá tún ṣèèṣì jáde, sọ "she", kí o sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ.