Kí ẹ tó ra bátìrì tuntun, ẹ wá ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ná

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìbéèrè yín, pé bátìrì 4 tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi yín, 100Ah níkọ̀ọ̀kan (Ah ni ìwọ̀n iná tó lè gbà, ámpù lọ́nà wákàtí), kò gbé fíríìjì dé ìdájí mọ́, wọ́n sì ti lo ọdún 4, ṣé kí ẹ ra AGM, bátìrì òjé tí wọ́n dé pa, ni àbí kí ẹ kúkú bọ́ sórí lithium. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì nawó. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, bátìrì tí mo ti fi ọwọ́ ara mi pa ti pé 8, owó tó bá a lọ kò ṣeé sọ síta, ìyàwó mi ò sì tíì gbàgbé ẹ̀ títí dòní.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Bátìrì olómi ló wà nínú ọkọ̀ nígbà tí mo rà á, ìgbà tí wọ́n kú, gbogbo èèyàn ń sọ pé AGM ló dáa, kò ní ká máa bu omi sí i, ásíìdì ẹ̀ ò lè dà sílẹ̀, ó sì ń gba iná kíákíá. Òótọ́ sì ni gbogbo ẹ̀. Mo ra 4. Oṣù 18 péré, wọn ò dé ìdájí mọ́. Inú bí mi, mo bú ẹni tó tà á fún mi dáadáa, mo wá lọ ra AGM 4 míì lọ́dọ̀ ẹlòmíì, àwọn yẹn náà ò pé ọdún 2. Ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ rẹwáyà wá bi mí pé tí ẹ́ńjìnnì mi bá ń ṣiṣẹ́, fólítì mélòó ló ń dé orí bátìrì. Mi ò mọ̀. Ẹni tó ti ra bátìrì 8 ò mọ̀ o. A tan ẹ́ńjìnnì, a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, a gbé mítà lé orí bátìrì fúnra ẹ̀, ó ń kà 13.8, kò sì kúrò níbẹ̀. AGM tí mo rà, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀ ni 14.4 sí 14.7. Kò sí ọjọ́ kan tí mo jẹ́ kó yó rí. Ètè wà níbẹ̀ tí mi ò kọbi ara sí, làpálàpá ni mò ń pa kiri.

Ohun tó ń pa bátìrì òjé nìyẹn, ì báà jẹ́ olómi, ì báà jẹ́ AGM, ì báà jẹ́ gel tí ásíìdì ẹ̀ ki bí ògì. Bí ẹ ṣe ń lo iná inú ẹ̀, sulphate á máa bo ojú àwọn pẹlẹbẹ òjé tó wà nínú, tí ẹ bá wá ṣáàjì ẹ̀ tó kún bámúbámú, á yọ́ padà sínú ásíìdì, ṣùgbọ́n tí kò bá kún, tó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á gan mọ́ ibẹ̀ á sì le, ibi tó bá ti le yẹn ò ní gba iná mọ́. Àwa tá a máa ń sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀ síbì kan fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin la wà nínú ewu ẹ̀ jù, torí a máa ń tan ẹ́ńjìnnì fún wákàtí kan láàárọ̀, a ó wo mítà, a ó ní ó ti tó. Ẹ jókòó ti mítà ámpù lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ wò ó. Tèmi, tó bá bẹ̀rẹ̀, ámpù 38 ló ń wọlé, bí wákàtí kan bá kọjá ó ti di 15, tó bá yá ó di 6, a ó wá pa ẹ́ńjìnnì torí ariwo. Ìdá 80 nínú 100 àkọ́kọ́ máa ń yá, 20 tó kù yẹn lè gba wákàtí 4 tàbí 5, kò sì sẹ́ni tó máa tan ẹ́ńjìnnì torí ìyẹn. Sólà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìwọ̀nba ni iná ẹ̀, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ló fi ń rọra kán an sí i.

Torí náà ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni kẹ́ ẹ dán bátìrì yín wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣáàjì gbogbo wọn kún, ẹ tú wọn kúrò lára ara wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi mọ́jú. Èyí tó bá dáa á wà ní nǹkan bíi fólítì 12.7, èyí tó bá ń kà 12.2 lẹ́yìn tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáàjì ẹ̀, ẹ ti mọ olè inú wọn. Ṣùgbọ́n fólítì nìkan ò tó o, ó máa ń tan èèyàn. 100Ah tí wọ́n kọ sára ẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ó yẹ kó gbé ámpù 5 fún wákàtí 20 kó tó já sí fólítì 10.5. Ẹ wá gílóòbù tó ń jẹ nǹkan bíi ámpù 5, ẹ so ó mọ́ ọn, ẹ kọ aago sílẹ̀. AGM mi tó kẹ́yìn gbé e fún wákàtí 7, ìyẹn ni pé 35Ah ló kù nínú nǹkan tí mò ń pè ní 100. Tó bá ti dé 10.5, ẹ yọ gílóòbù yẹn kíá kẹ́ ẹ dá a padà sórí ṣájà, ẹ má jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni pé inú bátìrì kọ̀ọ̀kan pín sí ilé mélòó kan, tí ilé kan ṣoṣo bá kú nínú bátìrì kan, àwọn mẹ́ta tó kù á máa da iná wọn sínú ẹ̀. Mo ti rí i. Aago 3 òru, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ló jí mi, mo kọ́kọ́ rò pé ilé ìyàgbẹ́ ni, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ṣí àpótí bátìrì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan ti wú bí ikùn ẹni tó jẹun jù, mo fọwọ́ kàn án, gbígbóná ẹ̀ ò ṣeé gbé ọwọ́ lé. Mo pa ṣájà, mo ṣí gbogbo fèrèsé, orí ọkọ̀ níta la sùn mọ́jú. Tí ẹ bá gbóòórùn yẹn, ẹ má ṣe kọ́kọ́ fọwọ́ kan wáyà kankan lórí ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ lè gbaná, ẹ lọ pa ohun tó ń ṣáàjì ẹ̀ láti ibi tó ti wá.

Tó bá jẹ́ ọ̀kan ló kú nínú tiyín, ẹ má ra ọ̀kan tuntun ti mẹ́ta àtijọ́ o. Ti àtijọ́ á fa tuntun bọ̀ wálẹ̀. Ẹ yọ òkú yẹn, kẹ́ ẹ máa fi mẹ́ta ṣe é, tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ká wá ní gbogbo ẹ̀ ló ti kú lóòótọ́. Ẹ ṣírò ohun tí ẹ ń lò lójúmọ́. Fíríìjì mi ń fa ámpù 5 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 12 nínú 24, 60Ah nìyẹn, tá a bá fi iná orí òpó, rédíò, fóònù, kọ̀ǹpútà àti fáǹfù omi kún un, ó sún mọ́ 100. Bátìrì òjé, ìdajì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà sí tiyín, torí náà 400Ah á gbé yín fún ọjọ́ 2. Èmi ò ra AGM mọ́. Bátìrì 6 fólítì ti ọkọ̀ orí pápá gọ́ọ̀fù ni mo rà, èyí olómi, nǹkan bíi 220Ah, mo so 2 tẹ̀lé ara wọn kó lè di fólítì 12, mo wá so 2 míì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, 440Ah. Wọ́n wúwo, ọ̀kan tó kìlò 28, ẹ̀yìn mi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n òjé inú wọn nípọn, owó wọn ò ga, tí mo bá sì ṣìṣe mo lè ṣí ìdérí wọn kí n fi háídírómítà, ohun tó ń wọn bí ásíìdì ṣe ki tó, wo ilé kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kó wà ní bíi 1.265 tó bá kún. Mo pààrọ̀ rẹgulétọ̀, ohun tó ń pinnu fólítì alternator (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí tó fi ń pèsè iná), sí èyí tó ń gbé 14.6, mo fi sólà kún un, omi bátìrì nìkan ni mò ń bù sí i lóṣooṣù. Ọdún 6 rèé. Wọ́n ṣì ń dé ìdájí.

Lithium kì í ṣe nǹkan burúkú o, kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́. LiFePO4, irú lithium tí mò ń sọ, kì í bínú tí kò bá kún, ẹ lè lo 80 nínú 100 ẹ̀, 100Ah ẹ̀ ò ju kìlò 12, 13 lọ. Tí mo bá lówó báyìí, bóyá òun ni màá rà. Ṣùgbọ́n kì í mọ ìwọ̀n ara ẹ̀ nínú iná gbígbà, gbogbo ohun tí alternator bá ní ló máa gbà, kò ní dínkù bíi ti òjé. Ẹnì kan tí mo mọ̀ so ó tààrà mọ́ alternator kékeré tó bá ẹ́ńjìnnì wá, kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Ó tún wá jẹ́ pé tí BMS inú ẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ ọ, bá ṣàdédé já iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó lè ba alternator jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ nílò ṣájà DC-DC láàárín wọn, tó ń díwọ̀n iná tó ń kọjá, fíúùsì Class T tó lè já iná ńlá, àti mítà tó ń ka Ah tó jáde àti èyí tó wọlé, torí fólítì ẹ̀ máa ń dúró sójú kan, kò ní sọ nǹkan kan fún yín títí tó fi máa tán. Ẹ fi gbogbo ìyẹn kún owó ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi wé òjé. Tó bá sì jẹ́ ibi tí òtútù ti ń lọ sísàlẹ̀ 0 lẹ máa ń tu ọkọ̀ gbà, kò gbọdọ̀ gba ṣáàjì nínú òtútù yẹn.

Gel, tí ṣájà yín bá ń kọjá fólítì 14.1, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní dual purpose, pé ó lè tan ẹ́ńjìnnì kó sì tún gbé fíríìjì, tí ẹ bá rí i pé CCA nìkan, ìwọ̀n agbára tó fi ń tan ẹ́ńjìnnì nínú òtútù, ni wọ́n kọ sára ẹ̀, tí kò sí Ah, bátìrì tí wọ́n fi ń tan ẹ́ńjìnnì nìyẹn, pẹlẹbẹ ẹ̀ tín-ín-rín, fíríìjì máa pa á. Ẹ sì jẹ́ kí bátìrì ẹ́ńjìnnì dá wà ní tiẹ̀.

Tí ẹ bá ń so wọn, ẹ fa wáyà pọ́sítíìfù láti ara bátìrì ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fa nẹ́gátíìfù láti ara ti ìparí, kí iṣẹ́ lè kárí wọn. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì lọ́la, ẹ fún un ní wákàtí kan, kẹ́ ẹ sọ fún mi ohun tí mítà kà lórí bátìrì fúnra ẹ̀, kì í ṣe lójú páńẹ́ẹ̀lì. Tó bá jẹ́ 13 àti ìdajì ló kà, iná tó ń ṣáàjì wọn ló kéré, ẹ tún ìyẹn ṣe ná, ẹ ò tíì nílò láti wá sí ọjà bátìrì.