Má tíì fa dísìkì yẹn yọ

Àbúrò, o ní sáfà (server) mẹ́rin lẹ ní lórí vSAN, ètò VMware tó ń so dísìkì inú àwọn sáfà pọ̀ bí ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo, ọ̀kan ti gbó, ẹ fẹ́ yọ ọ́ kúrò. O tún ní iná pupa ń tàn lórí dísìkì kan lára sáfà mìíràn, o wá ń béèrè bóyá o lè kàn fà á yọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Jọ̀ọ́, fọwọ́ sápò ná.

Èmi náà ti fà á rí. Ọ́fíìsì kan l'Ókè-Ìlẹ̀wọ́ ló pè mí, sáfà mẹ́ta péré ni wọ́n ní. Dísìkì kan níbẹ̀ ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n ní kí n yọ ọ́. N ò ka nọ́ńbà ihò tí dísìkì náà wà, n ò tan iná tí í fi dísìkì hàn, SSD kékeré kan ni mo dì mú, torí mo rò pé èyí tó kéré jù kò lè ní ohun gidi nínú. Àṣé cache ni, dísìkì ayára tí dátà ń kọ́kọ́ gbà kọjá. Bí mo ṣe fà á, dísìkì mẹ́rin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí nǹkan kan ò ṣe, bá a lọ.

Bí vSAN tó ní disk group (ẹgbẹ́ dísìkì) ṣe rí nìyẹn. Cache kan ló ń ṣáájú, dísìkì tó ń gbé dátà a wá tẹ̀lé e, láti orí ẹyọ kan dé méje. Sáfà kan lè ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ márùn-ún. Fa ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé dátà, òun nìkan ló lọ. Fa cache, òpó ilé lo fà yẹn. Tí dedup bá wà níbẹ̀ (ìyẹn ni pé dátà tó jọra, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ kí àyè lè ṣẹ́kù), ọ̀rọ̀ tún le sí i: dátà ti tàn ká gbogbo ẹgbẹ́ bí iyọ̀ inú ọbẹ̀, o ò lè yọ dísìkì kan ṣoṣo, àfi kí o tú gbogbo ẹgbẹ́ náà ká, kí o tún un tò. (ESA, ìlànà ìtòjọ tuntun tó bá vSAN 8 dé ní 2022, kò ní cache lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n bí o ṣe ṣàlàyé tiyín, kì í ṣe òun lẹ ń lò.)

Lọ́jọ́ náà, nǹkan kan ò tíì bàjẹ́, ẹ̀dà dátà ṣì wà lórí àwọn sáfà tó kù. Ibi tó ti dùn mí nìyẹn, torí ọkàn mi balẹ̀, mo lọ jẹ ìrẹsì ọ̀fadà ní Kútọ̀. vSAN a máa dúró fún 60 ìṣẹ́jú kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ̀dà tó sọ nù kọ́, ṣùgbọ́n sáfà mẹ́ta ni wọ́n: ẹ̀dà méjì àti ẹlẹ́rìí kan (ohun kékeré tí kò gbé dátà, tó kàn ń dìbò nípa ẹ̀dà tó ṣeé lò), kálukú lórí sáfà tirẹ̀. Níbo ni yóò tún un kọ́ sí? Mi ò tíì jẹun tán tí NEPA fi mú iná lọ. Bátìrì UPS ti kú tipẹ́, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ ti lọ ra dísù. Nígbà tí iná dé, dísìkì kan lórí sáfà kejì, tó gbé ẹ̀dà tó kù, ò jí mọ́. Bí ìwé owó oṣù mẹ́rin ṣe lọ nìyẹn, torí backup wọn ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀. Akọ̀wé owó wọn jókòó, ó ń tẹ rìsíìtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bú mi. Ì bá kúkú bú mi.

Ó yá, tìrẹ. Dísìkì oníná pupa ni kí o kọ́kọ́ mójú tó, nígbà tí sáfà ṣì pé mẹ́rin tí dátà ṣì ríbi sá sí. Jẹ́ kí resync, ìyẹn títún ẹ̀dà dátà kọ́, parí pátápátá. Lẹ́yìn náà ni kí o bojú wo storage policy, òfin bí dátà ṣe ń wà ní ìpamọ́: tó bá jẹ́ RAID-5 (tó ń pín dátà ká, tó sì ń fi ìṣirò dáàbò bò ó) ni, sáfà mẹ́rin ló fẹ́, kò ní jẹ́ kí ọ̀kan lọ. O ní láti yí i sí RAID-1 (ẹ̀dà méjì pípé), ìyẹn sì ń jẹ àyè: VM (kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà) 100 GB tó gba bíi 133 GB tẹ́lẹ̀ yóò gba 200 GB. Ṣírò rẹ̀ dáadáa, kí ìdá kan nínú mẹ́rin àyè sì ṣófo lẹ́yìn tó bá parí.

Tó bá kan sáfà tó gbó, fi sí maintenance mode (ipò àtúnṣe), kí o sì mú Full data migration, èyí tó ń kó gbogbo dátà kúrò lórí rẹ̀. Ensure accessibility, tí kì í kó gbogbo dátà kúrò, dára fún ẹni tó kàn fẹ́ pa sáfà kó tún tàn án. Ẹni tí kò ní padà wá kò gbọdọ̀ lò ó. Yọ àwọn ẹgbẹ́ dísìkì rẹ̀ kúrò kí o tó mú un jáde nínú cluster (àkójọ àwọn sáfà), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì vSAN àtijọ́ yóò wà lórí wọn, ibòmíràn ò ní gbà wọ́n. Tó bá jẹ́ àṣẹ esxcli vsan storage remove lo fẹ́ tẹ̀ lórí sáfà, -d ń yọ dísìkì kan, -s ń yọ cache pẹ̀lú gbogbo ẹbí rẹ̀. Kà á lẹ́ẹ̀mejì kó o tó tẹ Enter.

Èyí tí mo ṣe kẹ́yìn gbà mí láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ di ọ̀sán Sátidé, nítorí náà ẹ ra dísù sílẹ̀. Kọ nọ́ńbà ihò dísìkì náà sórí bébà, kó o sì fi àwòrán resync hàn mí kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.