Ta ni ajẹ́ǹtì ń ṣiṣẹ́ fún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Ọmọ Ìjùmú ni mí, Àbújá ni mo ń gbé. Mo fẹ́ ra ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní Kábbà. Ajẹ́ǹtì tó mú mi débẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lòun máa gbà. Ó ní n kò nílò lọ́yà, pé òun á bá mi parí gbogbo ìwé. Ṣé kí n gbà fún un?

Ìdáhùn: Òkun o. Ẹ má gbà kó bá yín ṣe ìwé. N kò pè é lólè o. Ẹni tó nilé ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ọjọ́ tí ilé bá tà ló sì ń rówó gbà. Bí ilé bá ṣe wọ́n tó ni owó tirẹ̀ náà ṣe ń ga. Ẹ jẹ́ kó bá yín wá ilé, kó sọ iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ ládùúgbò, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó mọ iye tó wà lápò yín. Ẹ ná ìdá mẹ́wàá yẹn náà, òfin kọ́. Kí ẹ sì jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbà tí ìwé bá parí lẹ máa san án.

Ẹni tó máa fọwọ́ síwèé gan-an ni kí ẹ wò dáadáa. Lọ́dọ̀ wa níbí, ilé bàbá tó ti kú pọ̀ lọ́jà: ọmọ kan ń gbé inú rẹ̀, àwọn yòókù wà l'Ékòó àti Kàdúná. Oníbàárà mi kan mú rìsíìtì wá lọ́jọ́ kan, owó ti jáde lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Ìtẹ̀ka ẹyọ kan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, yíǹkì ti ràn. Ọmọ kẹta ló tẹ̀ ẹ́. Olórí ẹbí wà láàyè ní Ìsánlú, kò gbọ́ nǹkan kan. Lójú òfin, bí olórí ẹbí kò bá sí nínú títa ilẹ̀ ẹbí, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi lọ àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè ní kí kóòtù fagi lé e. Nítorí náà, ẹ bá olórí ẹbí sọ̀rọ̀ fúnra yín, kì í ṣe lórí fóònù ajẹ́ǹtì.

Bí ilé náà bá ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà rẹ̀ kó tó di tiyín, Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn. Sọ́fíọ̀, ẹni tó ń wọn ilẹ̀, tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá ni kó fi nọ́ńbà ara òpó tí wọ́n rì sí ààlà ilẹ̀ wé ti inú ìwé. Àkáǹtì onílé ni kí owó wọ̀, kì í ṣe ti ajẹ́ǹtì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ padà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i láìmú ajẹ́ǹtì dání, lẹ́yìn òjò ńlá bó bá ṣeé ṣe. Ẹ ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyá tó ń tajà níwájú ilé, kí ẹ béèrè ẹni tó ni ilé náà lọ́wọ́ wọn.