Ìdajì hóró kan ló gbé Màámi dé ilé ìwòsàn

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Mo ka ìbéèrè yín: dókítà dín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kù sí ìdajì, àwọn hóró ti tẹ́lẹ̀ ṣì pọ̀ nílé, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè máa fi ọ̀bẹ gé wọn sí méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé e. Èmi náà ń gé oògùn tèmi títí di òní, nítorí náà mi ò bá gígé jà. Ṣùgbọ́n mo gé ọ̀kan rí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyá mi lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ sì ni mo rò pé àánú ni mo ń ṣe wọ́n.

Nifedipine ni, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, 60 mg, hóró pupa rúsúrúsú kan tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ó máa ń há wọn lọ́fun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbìyànjú títí, omijé dà lójú wọn, wọ́n tu hóró náà sọ́wọ́. Mo ní kò burú, Màámi, ẹ jẹ́ kí n gé òmíràn fún yín. Mo gbé e sórí àwo, mo tẹ ọ̀bẹ mọ́ ọn. Ó le ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tó já, apá kan tóbi ju ìkejì lọ, èérún sì fọ́n sórí àwo. Mo fún wọn ní apá kékeré, mo ní kí wọ́n lo ìyókù tó bá di ọ̀sán. Lójú tèmi, kí ni ìdajì lè ṣe tí odindi kò ti máa ń ṣe?

Kò tó wákàtí kan tí ojú wọn fi pọ́n. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, àyà àwọn ń lù kì kì kì. Wọ́n dìde kí wọ́n lọ sí balùwẹ̀, òòyì kọ́ wọn, wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Mo so ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá mọ́ wọn lápá, 84 lórí 50 ló gbé jáde, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Mo rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣìṣe, mo tún un wọ̀n: 82. Ọwọ́ wọn tutù rinrin. Mi ò lè gbàgbé bí ọwọ́ yẹn ṣe tutù.

Dókítà tó gbà wá kò pariwo mọ́ mi. Ó mú páálí oògùn náà, ó fi ìka lé lẹ́tà méjì tó tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀: XL. Ó ní wọ́n dìídì ṣe hóró yẹn kí oògùn inú rẹ̀ máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 24 ni, ara hóró náà ló sì ń dá a dúró. Bí a bá ti gé e, kò sí ohun tó ń dá a dúró mọ́. Oògùn tó yẹ kó pín ara rẹ̀ sí ọ̀sán àti òru á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ṣírò ìwọ̀n, mi ò ṣírò àkókò.

Láti ọjọ́ náà, kí ọ̀bẹ tó kan oògùn kankan lọ́wọ́ mi, mo máa ń wo ohun tó tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀. SR, XR, ER, XL, CR, LA, MR: ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, pé oògùn yìí kì í jáde tán lẹ́ẹ̀kan. EC tún yàtọ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n fi nǹkan bo hóró náà kó má baà yọ́ nínú ikùn, àfi tó bá dé ìfun. Aspirin míì wà bẹ́ẹ̀, kó má baà máa dá egbò síni nínú. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé omi kíkan inú ikùn ló ń ba oògùn náà jẹ́. Kápúsù ò ṣeé gé rárá. Ẹ má sì gbára lé lẹ́tà nìkan, torí àwọn kan wà tí kò ní lẹ́tà lórúkọ tí kò sì yẹ ní gígé.

Ẹlòmíràn á ní, ṣebí ìlà tí a fi ń dá a sí méjì wà láàárín hóró náà. Ìlà dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣì béèrè. Lisinopril 10 mg tí mò ń lò ní ìlà, dókítà ní kí n máa lo 5 mg, apòògùn yẹ̀ ẹ́ wò ó sì ní kí n máa gé e. Kò tíì dà mí láàmú rí. Metoprolol succinate ń jáde díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ ó ní ìlà, ó sì ṣeé dá sí méjì, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ fi eyín rún un. Ta ló máa fi ojú lásán mọ ìyẹn? Ìwé pélébé inú páálí máa ń sọ ọ́ bí wọ́n bá fọwọ́ sí gígé.

Àwọn oògùn kan tún wà tí ìyàtọ̀ kékeré nínú ìwọ̀n wọn lè dá wàhálà sílẹ̀: warfarin, digoxin, phenytoin, levothyroxine. Bí dókítà bá dín irú wọn kù, ohun tí mo máa kọ́kọ́ béèrè ni bóyá hóró tó kéré sí i wà. Aboyún ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan finasteride, oògùn kan tí àwọn ọkùnrin ń lò, tí wọ́n bá ti gé e tàbí tó bá ti fọ́, nítorí ọmọ inú rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ gé e, ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ike kékeré kan wà tí abẹ wà nínú ìdérí rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn apòògùn ni wọ́n ti ń tà á. Ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ gé, kí apá kejì jẹ́ ti ìgbà tó tẹ̀ lé e. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ ju èkejì lọ, á dọ́gba láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ má gé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin máa ń ba inú rẹ̀ jẹ́. Bí ojú Bàbá ò bá ríran dáadáa, tàbí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ẹ bá wọn gé e.

Ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi dá oògùn wọn dúró o. Bí ẹ bá ti gé e fún wọn tẹ́lẹ̀, tí òòyì ń kọ́ wọn tàbí àyà wọn ń lù, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ báyìí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yí káàdì oògùn náà sẹ́yìn, ẹ kọ orúkọ tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yòówù tó bá tẹ̀ lé e, kí ẹ sì kà á fún apòògùn lórí fóònù kí wọ́n tó lo ti ọ̀la.