Ṣé ká kó àwọn ọmọ lọ wo ilé reluwé l'Ẹ́bùtẹ́ Mẹ́ta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi mẹ́ta lọ sí Jaekel House, ilé reluwé àtijọ́ tó wà l'Ẹ́bùtẹ́ Mẹ́ta, lọ́jọ́ Sátidé kan, àmọ́ dádì wọn ní kí la fẹ́ lọ wò níbẹ̀ ju irin tó ti dípẹtà lọ, ó ní ká kúkú lọ sí bíìṣì. Kí lẹ rí sí i? Ìyá Ìbejì, Agége.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kó wọn lọ jàre, kí dádì wọn náà bá yín lọ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé yẹn, ọdún 1898 ni wọ́n ti kọ́ ọ, àwọn ọ̀gá reluwé ló ń gbébẹ̀, ó ti fẹ́ẹ̀ bàjẹ́ tán kí Legacy, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, tó tún un ṣe lọ́dún 2010 tí wọ́n sọ ọ́ di músíọ̀mù. Fọ́tò ayé àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Inú ọgbà reluwé ló wà, torí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i.

Àmọ́ ilé yín ní Agége gan-an ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yá tépù télọ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì wọn íǹṣì 42 sílẹ̀ ní pálọ̀, ìyẹn ni fífẹ̀ ojú irin àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó lọ́dún 1896, tó gba Agége yín kọjá, tó fi dé Ìbàdàn, tó sì dé Kánò nígbẹ̀yìn. Ẹ tún wá wọn íǹṣì 56 àtààbọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ti tuntun nìyẹn. Nígbà tá a ṣe é nílé wa, ọmọbìnrin mi dùbúlẹ̀ sáàárín èyí tó kéré, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ síta, ó ní, “Mọ́mì, ibi tóóró yìí náà ni wọ́n fi ń kó ẹ̀pà láti Kánò?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àtèèyàn àti màlúù. Ó kàn ń wojú mi ni. Pálọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n o, ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ kankan má sọ̀ kalẹ̀ sójú irin, ọkọ̀ ṣì ń kọjá níbẹ̀.

Tó bá di ọjọ́ ìrìn àjò, ẹ wọ reluwé Red Line l'Ágége, kẹ́ ẹ bọ́ọ́lẹ̀ l'Óyìngbò, kò jìnnà síbẹ̀ mọ́. Íǹṣì 56 àtààbọ̀ lẹ máa gùn lọ, kí àwọn ìbejì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò kí wọ́n máa wá èyí tó jẹ́ 42.